Òjìji Tó Wọ Síkẹ́ẹ̀tì

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má dárúkọ mi, olè ni mí. Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, mo fi orúkọ ara mi sí fọ́tò tí àbúrò mi obìnrin yà. Mo ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa kámẹ́rà. Fọ́tò yẹn ló sọ mí di ọ̀gá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn èèyàn ní fọ́tò yíyà. Ẹ̀gàn ni mo fi wo gbogbo wọn, àwọn tó ń fi fóònù ya bàtà ẹsẹ̀ ara wọn! Mo gbé fọ́tò náà síwájú wọn, mo ní, "Ẹ̀yin aláìmọ̀kan, ibo ni oòrùn wà?"

Ìyá aránṣọ kan, tí mo ti bú pé kò mọ orí kámẹ́rà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, dáhùn pé, "Ẹ̀yìn ẹni tó yà á ni, ọ̀gá. Òjìji rẹ̀ nìyí nílẹ̀. Àmọ́ síkẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Àbí ẹ̀yin náà ń wọ síkẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nínú yàrá náà, kò sí ẹni tó yẹ kéèyàn tutọ́ sí lára bí kò ṣe èmi.

Àbúrò mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kì í pa ètò yín lórí rédíò jẹ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ̀bẹ̀ wo ló tó? Kí ẹ tó dáhùn, fíìmù fọ́tò náà wà nínú àpòòwé yìí. Olóòtú, tí àbúrò mi bá wá, ẹ bá mi fún un. Òun ló yà á.