Jìtá Tó Ń Dún Lẹ́yìn Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Wọ́n ní kí n padà sójú agbo. Èmi, tí ọwọ́ òsì mi kò gbádùn látìgbà tí àìsàn ti dá mi wó. Máníjà – Kàlẹ́ńdà ni mò ń pè é, ọjọ́ ìrìn-àjò nìkan ló mọ̀ – ní ìlú mẹ́fà ni, pé àwọn tó fẹ́ràn orin búlúùsì ṣì ń béèrè mi. Orí mi wú. Mo gbà. Bí n kò bá ta jìtá, kí ni mo tún jẹ́?

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Ìdánrawò. Ìka kò gbọ́ràn. Onílù ń wolẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ń bá wa lọ nítorí oògùn mi, ní, "Bàámi, ẹ fara balẹ̀, á bọ̀ sípò." Irọ́ ni. Àwa méjèèjì mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta
Ìlú àkọ́kọ́. Mo ta á! Bí ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Gbogbo èèyàn dìde. Elétí, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, ní, "Bàbá, ẹ ò tíì darúgbó." Mo sunkún ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta
Ọwọ́ tó ta jìtá lánàá kò lè de bọ́tìnnì láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi ló bá mi dè é. Mi ò fẹ́ rò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta
Ìlú kejì. Mo tẹ wáyà ẹ̀rọ ohùn mọ́lẹ̀ láàárín orin, ó yọ kúrò lára jìtá mi. Jìtá ń dún lọ. Ọwọ́ mi dúró – ó ń dún lọ. Ó ń fa ohùn pẹ́ kó tó já a sílẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ẹnì kan ṣoṣo láyé. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi ló jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé, jìtá lórí itan, omi lójú. Kò dáwọ́ dúró. Bó bá dáwọ́ dúró, gbogbo wọn á mọ̀.
Mo kọjú sí èèyàn, mo ń da ìka láàmú lórí okùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Nínú ọkọ̀ ó ní, "Ẹ má bínú, Bàámi. Láti ìlú àkọ́kọ́ ni. Mi ò fẹ́ kójú tì yín." Ojú ti tì mí tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta
Ó ta á dáadáa jù mí lọ. Mo ní kó bọ́ síwájú. Ó kọ̀. Kàlẹ́ńdà ní, "Bàbá, orúkọ yín ni wọ́n wá gbọ́." Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọn ò sọ bó ṣe korò tó.
Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí, Elétí fi téèpù so wáyà tí kò gbé ohùn kankan jáde mọ́ jìtá mi, kó má baà yọ lójú èèyàn mọ́. Mo bá a di jìtá náà mú.