Wolé-wolé Mílíìkì Tó Padà Lọ Wo Ẹ̀yìn

Ọdún 1948 ni a bí Bàbá wa, nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Aránṣọ ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn. Ìyá yìí ló kọ́ wọn pé kí wọ́n máa yí inú aṣọ síta kí wọ́n tó sọ pé ó mọ́.

Wọ́n jáde ilé-ìwé girama ní 1966, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìmọ́tótó, wọ́n sì di wolé-wolé ní èbúté ní 1970. Mílíìkì, bọ́tà àti wàràkàsì tó ń ti òkè òkun bọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Òfin iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n ṣí àpò lẹ́nu ọ̀nà kọ̀nténà, láàárín, àti lẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé ó ṣeé jẹ.

Ní 1974, òjò ńlá ká Bàbá mọ́ ẹnu iṣẹ́. Wọ́n ṣí àpò mílíìkì mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà kọ̀nténà kan. Ó gbẹ, ó funfun, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọn kò dé ẹ̀yìn. A kò ní fi èyí pamọ́, nítorí Bàbá fúnra wọn kò fi pamọ́ rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá padà lọ wo ẹ̀yìn, wọ́n rí i pé òrùlé kọ̀nténà náà ti lu níhà ẹ̀yìn. Àwọn onímọ́tò sì ti kó ẹrù lọ sí àwọn ilé-ìwé ọmọ kéékèèké. Bàbá kò wá àwíjàre. Wọ́n lọ bá ọ̀gá wọn, wọ́n ní, "Ọ̀gá, mo fọwọ́ sí ohun tí n kò rí."

Ọ̀gá ní, "Kí lo wá dúró ṣe níbí?"

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rí gbogbo àpò gbà padà, àfi ẹyọ kan tó ti wọ ilé ìdáná ilé-ìwé kan. Bàbá sáré débẹ̀, òógùn bò wọ́n. Alásè ibẹ̀, ọmọge tínínrín kan, ní òun kò tíì ṣí i, torí òun kì í ṣí tuntun kí ti àná tó tán. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó gbé àpò náà wá, ó ní, "Ìwé àṣẹ yín dà? Ṣé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ń sunkún ni kí n máa gbé oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ fún ni?" Bàbá padà lọ gbàwé. Nígbà tí wọ́n ṣí àpò ọ̀hún, ó ti bu láti ìsàlẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tó fẹnu kàn án.

Iléeṣẹ́ fún Bàbá ní ìwé ìkìlọ̀. Bàbá gbé e kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2008. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rá wọ inú kọ̀nténà dé òpin, tí àwọn alágbàrù fi sọ wọ́n ní Wò-Dẹ́yìn. Ní 1976, wọ́n gbé alásè náà níyàwó. Òun ni Màmá wa.

Nílé wa, tíì á tutù kí Bàbá tó ka déètì ìdí agolo mílíìkì tán. Àlejò pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nínú ìjọ, Bàbá ló ń tọ́jú omi mímu. Ní àdúgbò, wọ́n ń kọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù bí a ṣe ń tọ́jú bọ́tà sínú òtútù. Àwọn kan nínú wọn máa ń tilẹ̀kùn bí wọ́n bá rí Bàbá lókèèrè. Àwọn náà wà níbi ìsìnkú yìí lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn àìsàn oṣù mẹ́rin, Bàbá bèèrè tíì láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. A gbé agolo sún mọ́ wọn bí ìṣe wa. Wọ́n fọwọ́ tì í. Wọ́n ní, "Ṣé ìyá yín ti wò ó?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mu tíì náà tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sùn lọ, wọn kò sì jí mọ́. Ẹkún wà lójú wa, ṣùgbọ́n ara tù wá pé ọkàn wọn balẹ̀.

Wọ́n fi Màmá sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, tí ọ̀kan jẹ́ wolé-wolé, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Bàbá Wò-Dẹ́yìn, a ti yẹ ayé yín wò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn pátápátá. Ó gbẹ, ó funfun. Ẹ sùn re o.