Dùùrù Tó Máa Ń Pẹ́ Dáhùn

Màmá mi, olóhùn iyọ̀,

Ọdún kan pé lónìí. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mojí àbúrò mi ti sùn lọ sórí àga pẹ̀lú sùtáánà lọ́rùn, èmi sì jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá yín. Ẹ má bínú pé yàrá yín ni mo gbé e sí, ibẹ̀ nìkan ni òrùlé kì í jò sí. Mo fẹ́ ròyìn ìsìn ìrántí yín fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Orin yín já lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé òkú máa ń gbọ́ orin tí wọ́n fi ń sìn ín lọ? Mi ò rí ẹni dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dùùrù, ẹ̀yin ni. Ẹ kì í fi bò pé nígbà tí ẹ fi ìjọ àwọn òbí yín sílẹ̀, ìjọ àwọn tíṣà àti akọ̀wé, tí ẹ di Aládùúrà nítorí ọmọ, kò sí ohun tí ẹ ń ṣàárò níbẹ̀ bí dùùrù ńlá wọn. Ẹ rí ọmọ, ẹ ò rí dùùrù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Olódò, agogo, àtẹ́wọ́ àti kíbọ́ọ̀dù kékeré tí mò ń tẹ̀ la ní. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ó ní, “O gbìyànjú, ọmọ mi, àmọ́ ó ń ké bí òròmọdìyẹ.” Ẹ̀rín yín á wá gba gbogbo ilé.

Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ba kíbọ́ọ̀dù yẹn jẹ́, tí ohùn inú rẹ̀ kú pátápátá, mo rò pé ó tán nìyẹn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Moniya ló là mí lójú pé kíbọ́ọ̀dù tí ohùn rẹ̀ ti kú ṣì lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà máa bá a dún. Mo ra tòkúnbọ̀ kan, mo fi wáyà so méjèèjì pọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, mo dúró, kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni ń ronú, àfi lójijì tí ohùn dùùrù ńlá ti inú sípíkà jáde, tó ń mi àyà ènìyàn rìrì. Ẹ sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú yín. Ẹ lé orin yín, èyí tí gbogbo ìjọ ń pè ní orin Màmá, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé yín. Ẹ̀yin ti wọ ìlà kejì, dùùrù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ìlà kìíní! Ẹ bú sẹ́rìn-ín. “Dùùrù yìí gbọ́ràn o, etí ẹ̀ ló wúwo. Wọ́n pè é láàárọ̀, ó ń jẹ́ lálẹ́.” Ìgbà tí ẹ rẹ́rìn-ín tán, ẹ ní bí ẹ bá ń lọ, òun ni kí n fi sìn yín délé. Mo bá yín jà pé kí ẹ yé sọ̀rọ̀ ikú. Àbí ẹ ti mọ̀ nígbà náà ni?

Ẹ lọ kí n tó rí i tún ṣe. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹ ṣe fẹ́. Mo ti dá ọgbọ́n kan sí i: mò ń tẹ bọ́tìnnì ṣáájú àtẹ́wọ́, kí ohùn lè bọ́ sí ojú ibi tó yẹ. Ó ṣeé ṣe nínú ilé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí yín, ọgbọ́n tán. Dùùrù pẹ́, àwọn ìyá fa orin díẹ̀ láti dúró dè é. Mo gbọ́ pé wọ́n fà á, èmi náà fà á, ohùn tún wá pẹ́ sí i. Èmi ń retí wọn, àwọn ń retí mi, títí orin fi kú sí wa lẹ́nu. A ò tíì kúrò ní ẹsẹ̀ kìíní. Wòlíì ké Halelúyà láti fi bo ìtìjú, wọ́n bá gbé pósí. Bí wọ́n ṣe gbé yín jáde nìyẹn, láìsí orin, ẹ̀yin tí ẹ ti kọrin sin òkú gbogbo àdúgbò. Háà, Màmá! Ó dùn mí wọnú egungun.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá kọ̀ǹpútà yìí wọ̀dìmú. Mo pàpà mọ ohun tó ń ṣe é. Kì í gbé ohùn jáde bó ṣe ń rí i. Ó máa ń kó o jọ ná, bí ẹni ń pọn omi sínú garawa, ìgbà tí garawa bá kún ló tó gbé e fún sípíkà. Garawa ńlá ló wà nínú tèmi. Mo dín in kù, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ń ta bíi gúgúrú. Mo tún fẹ̀ ẹ́, ó tún pẹ́. Wòlíì yà wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀mí kan ló di ohùn náà mú, ó ti gbé ìgò omi ìyàsímímọ́ sókè kó wọ́n ọn sínú ẹ̀rọ! Mo sáré fi ara bo kọ̀ǹpútà, orí mi ni omi dà sí. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà ìdáná kí n lè wo bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò sí níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tó gbà. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi kan ló fún mi ní díìsìkì tí ètò kọ̀ǹpútà tuntun wà lórí rẹ̀, èyí tí kì í dúró kí garawa kún. Mo fi sí i, mo tẹ bọ́tìnnì, ó dún. Ìka àti ohùn dọ́gba. Mojí gbọ́ ọ láti ìta, ó wọlé, ó ní kí n tún un tẹ̀, kí n tún un tẹ̀. A dì mọ́ra wa, a sunkún bí ọmọdé.

Ó wá di òwúrọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń nu àtẹ́lẹwọ́ mi sára sùtáánà ṣáá. Bó bá tún já ńkọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ibojì yín? Ọ̀gá akọrin lé orin yín, mo wọlé tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ kìíní lọ. Ẹsẹ̀ kejì lọ. Àtẹ́wọ́ àti dùùrù wọ ara wọn, àwọn ìyá ń jó, mo sì ń sọ nínú mi pé Màmá, ó ń lọ o, ó ń lọ.

A wá kan ẹsẹ̀ ìkẹyìn. Níbẹ̀ ni ẹ máa ń dákẹ́, tí ẹ ó dijú, tí ẹ ó mí kanlẹ̀, kí ẹ tó dá nìkan gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó ṣáájú yín wọ ibẹ̀ rí. Lónìí, gbogbo wa dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́ o. Ọ̀gá akọrin panu mọ́, àtẹ́wọ́ dúró, ìka mi wà lókè bọ́tìnnì. A ń retí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní wọlé, síbẹ̀ mò ń retí. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò tíì tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ẹni pé ẹ ṣì ń mí, pé ẹ ṣì máa gbé e.

Wòlíì wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi bá a jà kó má pẹ́ mọ́, Màmá, àmọ́ ní àkókò yẹn mo bẹ̀ ẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Kò pẹ́. Ó dún lójú ẹsẹ̀, gbogbo ìjọ sì wọ ẹsẹ̀ ìkẹyìn láìsí yín.

A kọ ọ́ tán. Mo rò pé bó bá parí, ara á tù mí. Kò tù mí.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ fi àdúrà bí, tí ẹ fi orin tọ́.