Àwòrán tí Mo Ṣe fún Ìyá Mizuho

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kọkànlá
Dókítà ní kí èmi nìkan wọlé. Ó ní àrùn Fusae, ìyàwó mi, ti dé ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ abẹ ò lè ràn án mọ́. Ó bi mí bóyá kí òun sọ ọ́ fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Mo ní rárá, kó ṣáà sọ pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ó wò mí títí, ó ní òun á fi sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.
Mo padà sí yàrá. Ìyàwó mi ní kí ni wọ́n wí. Mo ní dáadáa ni.

Ẹtì, 8
Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejìlélógún. Mo ní kí ló fẹ́. Ó ní fọ́tò òun kan tó dáa. "Látìgbà tó o ti fẹ̀yìn tì lo ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn, àwọn ẹyẹ adágún ló ń jẹ ẹ́." Kò parọ́. Àmọ́ mo ya òun náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo kàn ń da fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń da ilẹ̀ sí àkìtàn ni. Mo nílò áàpù tó máa bá mi tò wọ́n, tó sì máa bá mi tún èyí tí mo bá mú ṣe.

Àìkú, 10
Mẹ́ta ni mò ń dán wò. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀fẹ́ bá kọ̀ǹpútà wá — ó lè gé àwòrán, ó lè mú un mọ́lẹ̀, ó tán. Alágídí ni gbogbo ẹgbẹ́ ayàwòrán wa nílùú Matsue ń lò. Mo tẹ bọ́tìnì kan péré, adágún di pupa, mi ò mọ bí mo ṣe máa dá a padà. Afínjú ń kó fọ́tò jọ ní ojú-ojú: ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Òun náà tún ń nu àbàwọ́n. Mi ò tíì mọ èyí tí màá mú.

Ajé, 11
Mizuho, ọmọ wa, tí mo ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ dókítà fún, pè láti Osaka. Ó ní ohun tí mò ń ṣe fún ìyá òun ò dáa. "Bàbá, màmá lẹ ń ro pé ẹ̀ ń dáàbò bò, ara yín ni." Mo pa fóònù. Inú ṣì ń bí mi. Ọmọ tí kì í wálé ló fẹ́ kọ́ mi.

Ọjọ́rú, 13
Nagase, tó mú mi wọ ẹgbẹ́ ayàwòrán, wá wò mí. Ó bá mi níbi tí Alágídí ti ń fojú mi rí nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ṣọ́ọ̀bù lo fẹ́ ṣí ni? Fọ́tò kan lo fẹ́ tún ṣe. Èyí tọ́wọ́ ẹ bá gbọ́, mú un, jàre." Mo yọ Alágídí dànù. Ó kù méjì.

Ọjọ́bọ̀, 14
Fusae kò jẹun. Ó ní òun fẹ́ lọ sílé. Mo ní kó jẹ́ ká parí oògùn ná.

Àbámẹ́ta, 16
Afínjú ti kó gbogbo fọ́tò Fusae jọ. Àmọ́ ọ̀nà méjì ló pín wọn sí — Fusae ti tẹ́lẹ̀, àti Fusae orí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá bi mí lójú kọ̀ǹpútà: ṣé ẹnì kan náà nìyí? Mo jókòó tì í. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo sunkún bí ọmọdé.
Mo ti rí èyí tí mo fẹ́. Níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, ó wọ kìmónò dúdú, aṣọ gígùn wa tí wọ́n ń da apá kan bo ìkejì láyà, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé mò ń ya òun. Afínjú ni mo mú. Ọ̀rọ̀ Ọ̀fẹ́ náà ti parí.

Àìkú, 17
Mo yọ òpó iná tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan àwọn ìhunjọ ojú rẹ̀, mo fẹ́ràn wọn. Nǹkan kan ló kù: tí mo bá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ògiri ló máa máa wò. Afínjú ní bọ́tìnì tó ń yí àwòrán sódì, bí ìgbà téèyàn wà nínú dígí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọjú sí ibi tí mo fẹ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo yin ara mi.

Ajé, 18
Wọ́n ti bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ti fi fírẹ́mù sí i. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Òun ni kó kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́rú, 20
Ó tún bèèrè ilé. Mo tún sún un síwájú.

Ẹtì, 22
Mizuho dé láàárọ̀. Fusae tú bébà, ó wo àwòrán náà, ó ní, "Ta wá ni arẹwà yìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka lé ọrùn aṣọ, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Apá ọ̀tún kìmónò ló borí apá òsì. Òkú nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe yí ojú ni mo yí aṣọ, ojú nìkan ni mo sì ń wò. Ìyá mi nà mí nítorí ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi náà ni mo wá fọwọ́ ara mi wọ̀ ọ́ fún ìyàwó mi, mo tún fi fírẹ́mù sí i.
Mo ní bọ́tìnì ni, áàpù ni, màá lọ tún un tẹ̀ kíá. Mo nawọ́ sí i. Kò fún mi.
"Bàbá Mizuho, jókòó."
Mo jókòó.
"Ọjọ́ wo ni dókítà sọ ọ́ fún ẹ?"
Tó bá jẹ́ pé mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá rọ̀. N ò lè rẹ́rìn-ín. Mizuho ń wo ilẹ̀. Mo ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí.
Ó ní òun ti fura, àmọ́ òun gbà mí gbọ́ ni, torí mi ò parọ́ fún òun rí. Ó ní kí Mizuho lọ pe nọ́ọ̀sì, kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ sílé lọ́la.
Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Gbogbo ọjọ́ tó kọjá yẹn, ilé ni mi ì bá ti lò ó."
Kò pariwo.