Ta Ni Yóò Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Jẹun?

                                        Ilé Kẹrin, Ọgbà Àwọn Dókítà,
                                        Ọsibítù Àwọn Ọmọdé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Eléyinjú-ẹgẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn báyìí? Orúnkún Màmá tó ń dùn wọ́n lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fúyẹ́? Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n yé fi oògùn tí mo kọ fún wọn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo mọ̀ wọ́n. Ní tèmi, ara mi le, ọkọ mi ń bẹ ní àlàáfíà, àwọn ọmọ sì ń jẹun bí ẹni pé ẹnìkan ń lé wọn.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé iṣẹ́ wo gan-an ni àwa ọ̀gá dókítà ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé àwọn dókítà kéékèèké ló ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o ò ní pa mí o! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa fún ọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Àwa márùn-ún la jẹ́ ọ̀gá níbí. Olórí wa ni bàbá àgbàlagbà kan tí àwọn ọmọdé ń pè ní Bàbá Onírùngbọ̀n. Ọ̀kan ń wo ọkàn, ọ̀kan ń wo inú, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni à ń pè ní Ọlọ́bẹ bí kò bá sí nítòsí, èmi sì ni mo ń bójú tó àwọn wọ́ọ̀dù. Àṣà wa ni pé láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa márààrún á jọ rìn káàkiri, àwọn nọ́ọ̀sì á sì tẹ̀ lé wa. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le ni a máa ń dúró lé lórí, olúkúlùkù á sì kọ àṣẹ tirẹ̀ sínú fáìlì ọmọ náà.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, màmá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin. Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Ọlọ́bẹ lè dí i, ṣùgbọ́n ọmọ náà rù jù. Ó ní àfi kó wọn kílò méjìlá kí òun tó lè fọ̀bẹ kàn án, bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá péré ló wọ̀n, tí a bá sì pẹ́ jù, ọkàn yẹn ò ní lè dúró dè wá. Kò sóhun tí a ń wá ju pé kó sanra díẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sanra. Àyà wa bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wa dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá inú ní kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Ọ̀gá ọkàn ní kí wọ́n tún ya àwòrán ọkàn. Ọlọ́bẹ ní kí wọ́n ṣe èyí, Bàbá Onírùngbọ̀n ní kí wọ́n ṣe tọ̀hún. Èmi náà, kí n má baà dà bí ẹni tó kàn wá wòran, mo ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò márùn-ún, lọ́jọ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti ọjọ́ Ajé náà títí dé ọjọ́ Ẹtì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ lè jẹun kí wọ́n tó ṣe é. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ bàjẹ́, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó ṣe tán. Lọ́jọ́rú, wọ́n ní ọmọ mìíràn ṣíwájú rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni wọ́n ń kọ́ páálí kékeré kan sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn nọ́ọ̀sì rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ọ̀gá márùn-ún léèrè?

Ọjọ́ Ajé kejì dé, a dúró yí bẹ́ẹ̀dì náà ká. Ọmọ ti rù sí i. A ń bi ara wa pé àìsàn wo ló ń jẹ ẹran ara ọmọ yìí. Bàbá Onírùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bírò pé kí òun kọ àyẹ̀wò kẹfà ni màmá àgbà dìde. Obìnrin yìí kì í bá wa sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Bí a bá ti dé, á kí wa kú iṣẹ́, ó parí.

"Ẹ̀yin àgbà dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ta ni nínú yín ló máa jẹ́ kí ọmọ mi jẹun? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kó má fẹnu kan nǹkan, àfi Sátidé àti Sọ́ńdè tẹ́ ò sí níbí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Búrẹ́dì àárọ̀ ọjọ́ márùn-ún wà níbẹ̀, ó tò wọ́n létòlétò. Eléyinjú-ẹgẹ́, ojú tì mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà márùn-ún ló wà lọ́jà yìí, àwa gan-an la sì wọ́ orí ọmọ.

Bàbá Onírùngbọ̀n ò wí àwíjàre kankan. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fáìlì, ó fa ìlà sórí àṣẹ tirẹ̀, kò sì kọ èyí tó ń gbèrò mọ́, lẹ́yìn náà ó na bírò sí wa pé kí àwa náà fa ìlà sórí tiwa. Ọlọ́bẹ fúnra rẹ̀ ló sáré lọ sí ilé ìdáná. Ó gbé búrẹ́dì àti ẹyin dé, pẹ̀lú mílíìkì tó ti dà sí i lára. Ó wá dúró, ó ń wo ẹnu ọmọ bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn la ṣòfin pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá kan ṣoṣo tó ni ín, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ebi pa á láìkọ́kọ́ bi ọ̀gá náà. Bàbá Onírùngbọ̀n nàka sí mi nítorí ọmọ yẹn. Mo ní ṣebí èmi náà wà nínú àwọn tó jẹ̀bi. Ó ní, "Ìdí tí mo fi mú ọ nìyẹn. Ojú tì ọ́, o ò ní gbàgbé."

Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n ni mo fi ń kí ọmọ náà láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko! Lọ́jọ́ tó pé kílò méjìlá, màmá àgbà jó yí òṣùwọ̀n ká, mo sì bá a jó, ọ̀gá tàbí kì í ṣe ọ̀gá. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Ọlọ́bẹ dí ihò náà. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi di ọwọ́ màmá àgbà mú níta, mi ò lè sọ ẹni tó ń tu ẹnìkejì nínú.

Lọ́jọ́ kejì, àwa márààrún dúró yí i ká. Ó lajú, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ohùn tín-ín-rín béèrè pé, "Ṣé wọ́n ní kí n jẹun?"

Gbogbo wọn, àti Bàbá Onírùngbọ̀n pàápàá, yíjú sí mi.

"Jẹun, ọmọ mi," ni mo wí.

Nínú gbogbo àṣẹ tí mo ti pa láti ìgbà tí mo ti dọ̀gá, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó yẹn. Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi, kí o sì tún oògùn Màmá wá lábẹ́ ìrọ̀rí.

                                        Èmi náà ni, tìrẹ títí ayé,
                                        Lẹ́pa
                                        (tí màmá àgbà ń pè ní Dókítà Jẹ́-ó-jẹun).