Àdúrà Ádífẹ́ǹtì ní Wọ́ọ̀dù Àwa Sójà

Ìyá mi, okun o. Ṣé ara yín le, ṣé iṣu ọdún yìí ta dáadáa? Àlàáfíà ni mo wà ní Maiduguri níbí, wọ́n sì ń tọ́jú wa gan-an.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí Ádífẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kò dára, fáda kò lè dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wa béèrè pé, "Ta ni yóò gbàdúrà fún wa?" Bìláàlì ọmọ Kabba bíi tiwa, tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, bá nawọ́ sí mi: "Mùsùlùmí lèmi o, ṣùgbọ́n ìyá Olúṣínà yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ládùúgbò wa." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan tí kò fara pa ti kẹ̀kẹ́ arọ tí mo ń jókòó sí dé iwájú.

Mo fi èdè Owé tiwa ní Kabba bẹ Jésù pé kó tètè dé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ́ mi. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa náà ṣe àmín kíkankíkan. Orí mi wú, Ìyá, pé ẹ̀yin lẹ bí mi.

Mi ò ní lè wálé Kérésì. Wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan fún mi, ó sì máa dára.

Ẹ kí Zipporah àbúrò mi. Ẹ kí ìyá Bìláàlì náà, ọmọ wọn ń jẹun dáadáa.

Èmi Olúṣínà yín.