Oòrùn Tí O Tẹ́ Sórí Omi Wa

Àbdùlbàsìt ọmọ mi ní Banifandou, àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé nínú ooru Níàmè yẹn. Ṣé Àsíyàt ìyàwó rẹ ń ṣe dáadáa? Àwọn ọmọ rẹ fi Faransé kí mi lórí fóònù, mo ń ṣe Àámín sí gbogbo rẹ̀, nítorí mi ò mọ èyí tó jẹ́ àdúrà níbẹ̀. Ara wa le, inú ló ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ pátákó sólà tí o kó wá nígbà Iléyá ni. O ní irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ yín ń tẹ́ sórí omi, o wá tẹ́ tiwa sórí adágún odò, o ní kò ní gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, oòrùn ò sì ní tètè fa omi gbẹ, òun ni yóò máa fa omi wá sí mọ́ṣáláṣí kí ìyá rẹ lè sinmi omi rírù. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo fẹnu ara rẹ sọ pé omi ló ń tu pátákó náà lára. Bí omi bá tù ú lára, níbo ni ooru rẹ̀ gbà lọ, bí kò ṣe inú omi? Ṣé o ti gbàgbé tírà tí mo fi kọ́ ọ ni, pé omi tí oòrùn bá mú gbóná, ká yẹra fún un láti fi ṣe àlùwàlá?

Nítorí náà, láràárọ̀ lẹ́yìn Àsùbáà, Àmír apẹja á fi ọkọ̀ gbé mi lọ, a ó fi ẹní bo gbogbo rẹ̀ pátá kí oòrùn má baà rí i, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó ká a. Látìgbà náà, ẹ̀rọ rẹ ò fa ẹ̀kán omi kan! Ìyá rẹ tún ti gbé korobá, ọrùn ń dùn ún, ó sì ń dùn mí.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ìyá rẹ kó àwọn ẹní lọ fọ̀, èmi jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo ń fi omijé ṣàdúrà lé e lórí. Kí n tó ṣe Àámín, omi ti ń tú yàà! Gbogbo abúlé wá kí mi. Ìyá rẹ ní bóyá ọ̀rọ̀ ẹní ni, mo ní kó lọ wá nǹkan jẹ. Nígbà tí ẹní gbẹ, a dá a padà, omi tún dá wáí. Irú ẹ̀rọ wo ni kì í ṣiṣẹ́ àfi bí àáfà bá sunkún sí i?

Jọ̀ọ́, fi owó tapólì ńlá ránṣẹ́, ẹní ti ń já, oòrùn ń yọ́ wọlé. Má fi falẹ̀ o, ọrùn ìyá rẹ kì í ṣe irin.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Kò ní sí ẹni tí yóò bo ìràwọ̀ rẹ mọ́lẹ̀.

Bàbá rẹ,
Àáfà Ìbráhìm